Omi Gbígbóná ní Castle Green

Kẹ́tù kan ṣoṣo ni Moṣọpẹ́ fi ń wẹ̀ láràárọ̀. Yóò gbé e kaná, yóò dà á sínú korobá, yóò bu omi tútù là á, yóò sì gbé e wọ ilé ìwẹ̀ tó fún débi pé tó bá na apá méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ á kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yìí, omi náà ti tutù kí ọṣẹ tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbọ́ ariwo tírélà lórí títì A13 lẹ́yìn ọgbà, bí wọ́n sì ṣe ń kọjá ni ilé náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ilé tí à ń wí yìí kì í kúkú ṣe ilé. Kárávánì àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò lọ gbafẹ́ létí òkun. Moṣọpẹ́ àti bàbá rẹ̀ kò bá ti ìgbafẹ́ dé inú rẹ̀.

Ní Upney, àdúgbò mìíràn nínú ìlú òyìnbó yìí, ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ìyá Moṣọpẹ́ kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí onílé ní òun fẹ́ ta ilé òun. Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, tó ń fọ bọ́ọ̀sì lálaalẹ́ ní gáréèjì kan, wá ilé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn, Lùkmọ́nù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ọgbà táyà ní Castle Green, gbà á láyè kó gbé kárávánì kan sí igun ọgbà náà. Ó ní omi, ó ní iná mànàmáná. Àbùkù rẹ̀ kò ju hítà lọ, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Ó ti dógùn-ún, ó ń jò, kò sì gbóná mọ́.

Nítorí hítà yìí ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kò ṣe sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, òun nìkan sì ni àbúrò tí Moṣọpẹ́ ní. Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, Àǹtí Magdalene, ẹ̀gbọ́n ìyá wọn, wá mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ní òun kò lè máa wo ọmọ àbúrò òun kó máa gbọ̀n nínú ilé ìwẹ̀. Ìyẹn kò burú, torí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọkọ Àǹtí ti wá fẹ́ gbé wọn lọ sí Glasgow, ibi tó jìnnà réré. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa lọ. Àǹtí sì ti sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: tí òun bá dé kárávánì ní ọ̀sán Sọ́ńdè, tí òun sì fi ọwọ́ ara òun kan omi gbígbóná lẹ́nu ẹ̀rọ, òun á fi Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Tí omi kò bá gbóná, ọmọ ń bá òun lọ, ó di ìgbà ọdún Àjíǹde kí ẹnikẹ́ni tó tún bá òun sọ ọ́.

Moṣọpẹ́ kò fẹ́ràn kó máa tètè délé. Tí iléèwé bá parí, Vicarage Field ló máa ń lọ jókòó, lórí bẹ́ǹṣì kan níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù, títí wọn yóò fi máa ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á máa kọjá ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á juwọ́ sí i, òun náà á juwọ́, á sì ṣe bí ẹni tó ń dúró de ẹnìkan. Kò sí ẹni tó ń dúró dè. Tó bá fi máa délé, bàbá rẹ̀ ti ń múra iṣẹ́. Wọ́n á jọ jẹun díẹ̀, ìyẹn á sì jáde, á wá ku òun nìkan àti ibùsùn kékeré tí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ń sùn sí tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń tẹ́ ibùsùn náà láràárọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan sùn sórí rẹ̀. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ gan-an, kò sì rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

Hítà tuntun kúkú ti wà nílé. Inú páálí rẹ̀ ló wà lábẹ́ tábìlì, Moṣọpẹ́ sì máa ń gbé ẹsẹ̀ lé e tó bá ń kàwé. Bàbá rẹ̀ ló ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé omi àti iná kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi dánra wò. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, bó ṣe ń di okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ti bá Ọmọ́bọ́láńlé sọ̀rọ̀, yóò wá gbé e sí i fún wọn ní ọ̀sán Sátidé.

Síbí bọ́ lọ́wọ́ Moṣọpẹ́. Ta ni kò mọ Ọmọ́bọ́láńlé? Sister Bọ́lá ni gbogbo ìjọ ń pè é. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ, ohùn rẹ̀ sì ni a máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Iṣẹ́ hítà àti páìpù omi ló kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun náà ló sì ń ṣe jẹun.

"Dádì, ẹ sọ fún un pé inú caravan la wà?"

"Mo sọ fún un. Ṣé ó máa ṣe hítà láìmọ ibi tó wà ni?"

Bàbá rẹ̀ bá tirẹ̀ lọ, kò mọ ohun tí òun dá sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó dé Castle Green, Moṣọpẹ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ìjọ. Brother Gbádébọ̀ ló máa ń fi bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì gbé àwọn ọ̀dọ́ relé lẹ́yìn ìsìn, Upney ló sì ṣì ń já Moṣọpẹ́ sí, níwájú ilé tí ẹlòmíràn ti ń gbé. Moṣọpẹ́ yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò dúró lẹ́nu géètì bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì, títí bọ́ọ̀sì yóò fi yà ní ìkóríta. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò rìn padà lọ wọ ọkọ̀ Castle Green. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, sùtánà funfun rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lábẹ́ kóòtù. Obìnrin tó ń gbé ilé náà báyìí ti rí i lẹ́ẹ̀kan láti ojú fèrèsé, ó sì juwọ́ sí i tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ojú ti Moṣọpẹ́ débi pé kò lè gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè.

Wàyí o, ẹni tí gbogbo ìjọ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ló fẹ́ wá wọ inú kárávánì. Yóò rí korobá ìwẹ̀. Yóò rí sùtánà tó rọ̀ sórí okùn lókè ibùsùn, àti kọ́tìnnì tí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ mú. Moṣọpẹ́ rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nínú bọ́ọ̀sì iléèwé, ó mú fóònù, ó sì tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí Bọ́lá pé bàbá òun ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, àwọn ti rí ẹlòmíràn tó máa ṣe é. Bọ́lá fèsì pé kò burú, kí Olúwa bá wọn ṣe é.

Kò sí ẹlòmíràn kankan. Moṣọpẹ́ fúnra rẹ̀ ni ẹlòmíràn náà. Ó ti wo fídíò bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù, ó sì dá a lójú pé kò le tó bí bàbá òun ṣe ń pariwo rẹ̀.

Ní ọ̀sán Sátidé, ibi iṣẹ́ pe bàbá rẹ̀ kó wá fi ọ̀sán kún un. Ó jáde pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé Bọ́lá ń bọ̀. Lùkmọ́nù ti ti ọgbà, ó ti lọ. Moṣọpẹ́ gbé páálí jáde.

Ká má parọ́, ọwọ́ ọmọ náà yá. Ó kọ́kọ́ yọ okùn iná kárávánì kúrò lára ògiri ọgbà pátápátá, ìyẹn sì jẹ́ ìwà ọgbọ́n. Ó tú omi inú hítà àtijọ́ dànù, omi náà pupa bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Nọ́ọ̀tì kan kọ̀ kò tú, ó fi òróró ìdáná pa á, ó dúró díẹ̀, ó sì fi sípánà Lùkmọ́nù yí i tọ̀gbọ́n-tọ̀gbọ́n. Nígbà tó fa hítà àtijọ́ jáde, ihò ńlá kan ṣí sílẹ̀ lára ògiri, afẹ́fẹ́ tútù rọ́ wọlé, ó sì rí òkìtì táyà níta láti ibi tó jókòó sí. Ẹ̀rù bà á díẹ̀. Ṣùgbọ́n tuntun náà wọ ihò yẹn bí ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ó so páìpù omi tútù mọ́ ìsàlẹ̀, ó so ti omi gbígbóná mọ́ òkè, ó so wáyà bó ṣe wà nínú fọ́tò tó ti yà kó tó tú ti àtijọ́, ó sì fi gọ́ọ̀mù yí etí rẹ̀ ká níta kí òjò má bàa wọlé. Orí rẹ̀ wú. Ó rí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ lọ́kàn, tó ń ta omi gbígbóná kiri bó ti máa ń ṣe.

Ó wá ku omi tí yóò wọ inú rẹ̀. Ìyá Moṣọpẹ́ kì í jẹ́ kí ohun tuntun kankan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé rẹ̀ láìkọ́kọ́ fi omi àdúrà kàn án. Kẹ́tù, ìkòkò, ibùsùn, kódà bàtà iléèwé, gbogbo rẹ̀ ló ń wọ́n omi sí. Kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà kékeré kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà kárávánì, tí bàbá rẹ̀ gbé bọ̀ láti ibi pẹpẹ. Moṣọpẹ́ rò pé ohun tí ìyá òun ìbá ṣe gan-an nìyí. Níta, àgbá kan wà tí pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì ti ń fa omi wọlé. Ó da omi inú àgbá náà nù, nítorí ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé kí wọ́n má da omi mìíràn lu omi àdúrà, ó sì da omi kẹ́ẹ̀gì nìkan sí i. Ó ní kó kọ́kọ́ gbóná ná, kí òun tó fi omi lásán kún un. Pọ́ǹpù fà á, ó hùn, ó sì dákẹ́. Moṣọpẹ́ kúnlẹ̀, ó gbàdúrà lórúkọ àbúrò rẹ̀, ó ki okùn iná padà, ó sì tan hítà.

Iná pupa kékeré kan tàn lára rẹ̀. Inú Moṣọpẹ́ dùn, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí ìgbà tí ìkòkò òfìfo bá jó lórí iná. Kó tó dìde, nǹkan kan dún tọ́ nínú ògiri, iná gbogbo kárávánì sì kú. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún kú. Ìgbà tó pa hítà tó tún tan iná yòókù ni gílóòbù tó tàn, ṣùgbọ́n hítà tuntun kò dáhùn mọ́. Moṣọpẹ́ jókòó sílẹ̀ láàárín páálí àti omi ìpẹtà, ó sì sunkún tó tó ẹkún. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá rẹ̀ dé. Ó béèrè bóyá Bọ́lá ti wá. Irọ́ ti wà lẹ́nu Moṣọpẹ́, èyí tó rọrùn jù ni pé bí wọ́n ṣe ta hítà náà fún wọn ló ti bàjẹ́. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì lè sọ ọ́. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí àtẹ̀jíṣẹ́ títí dé orí omi àdúrà. Ó ń retí kó jágbe mọ́ òun. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé jókòó sórí ibùsùn kékeré náà tòun ti kóòtù.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ," ló sọ. "Ọjọ́ tá a kó dé ibí, èmi ni mo ní kó o má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí, mo sì gbé ìtìjú náà lé ẹ lórí. Ìgbà tí mo wá lajú, mi ò sọ fún ẹ pé mo ti lajú."

Ó ní kó lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ fún Bọ́lá ní ọjọ́ kejì. Moṣọpẹ́ ní òun á lọ.

Láìwọ bàtà ni wọ́n ń jọ́sìn ní ìjọ wọn, nítorí náà tí ìsìn bá parí, ẹnu ọ̀nà máa ń kún fún àwọn aláṣọ funfun tó ń wá bàtà wọn. Ibẹ̀ ni Moṣọpẹ́ ti bá Bọ́lá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń mú bàtà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Sister Bọ́lá, irọ́ ni mo pa fún yín. Kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí ibi tí à ń gbé ni. Èmi ni mo ṣe é, mo sì ti bà á jẹ́."

Bọ́lá gbé bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Castle Green, àbí? Nínú tyre yard yẹn."

"Dádì ti sọ fún yín."

"Kí Dádì tó sọ ni mo ti mọ̀. Brother Gbádébọ̀ máa ń rí ẹ nínú mirror, every Sunday, tó o bá ń rìn padà lọ sí bus stop. Gbogbo wa nínú van la mọ̀, Ṣọpẹ́."

Moṣọpẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré. "Kí ló wá dé tí ẹ fi ń gbé mi lọ sí Upney?"

"Torí pé Upney lo ní ká máa gbé ẹ lọ. A ò fẹ́ kó ojú tì ẹ́. A ní lọ́jọ́ tó o bá ready, wàá sọ fún wa." Bọ́lá fà á dìde. "Mo fi Sátidé sílẹ̀ fún yín lóòótọ́. Ìgbà tó o text mi ni mo lọ bá àwọn ará Ilford ṣe tiwọn."

Ìyẹn dun Moṣọpẹ́ ju èébú lọ. Àwọn èèyàn ti jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí wọ́n mọ ohun tó ń dà á láàmú, tí wọ́n sì ń dúró dè é. Òun ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí Brother Gbádébọ̀ ṣíná mọ́tò, tó sì wo ẹ̀yìn láti béèrè ibi tí kálukú ń lọ, Moṣọpẹ́ ní kó jọ̀ọ́ gbé òun lọ sí Castle Green. Ó ní kò burú, ó sì ń wakọ̀ lọ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń gbé e lọ láti ọjọ́ yìí.

Bọ́lá bá Moṣọpẹ́ wọlé, wọ́n bá bàbá rẹ̀ nílé. Kò wo korobá, kò wo kọ́tìnnì. Ó tú ìdí hítà, ó fa irin tó ń gbóná nínú rẹ̀ jáde, ó sì ti dúdú, ó ti là. Ó fi han Moṣọpẹ́. Ó ní ìsopọ̀ páìpù rẹ̀ dára, wáyà rẹ̀ dára, omi ni kò kún táńkì. Ó yẹ kó ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná sílẹ̀ títí omi á fi máa tú jáde geerege láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, kó tó tan iná. Irin tí omi kò bò yóò jó ni. Ó ní omi àdúrà kò ṣe é ní nǹkan kan, kẹ́ẹ̀gì kékeré kan ni kò lè kún táńkì. Irin mìíràn á dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun á sì wá fi sí i.

Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mọ́tò Àǹtí Magdalene wọ ọgbà. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ sáré bọ́ sílẹ̀, ó sì dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí. Àǹtí kí gbogbo wọn, ó lọ tààrà sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣí i, ó sì na ọwọ́ sí i. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀, bí ẹni tó ń fẹ́ kó gbóná. Lẹ́yìn náà ló tì í, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Moṣọpẹ́ ṣàlàyé ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bọ́lá náà bẹ̀bẹ̀. Àǹtí ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òtútù ti dé ni wọ́n ti ń sọ fún òun pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni, àwọn sì ń lọ lọ́la. Òun kò lè fi ọmọ kékeré sílẹ̀ lórí ìrètí nìkan.

"Mi ò bínú sí ẹ, Ṣọpẹ́," ló wí. "Tó bá gbóná lónìí ni, màá fi í sílẹ̀ fún yín. Mo ti di ẹrù rẹ̀ wá."

Òótọ́ ni. Nígbà tí Moṣọpẹ́ sìn wọ́n dé ìdí mọ́tò, ó rí báàgì àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, tó kún dáadáa, tí bàtà òjò rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ kò sunkún. Ó ṣáà ń béèrè bóyá ẹlòmíràn ti ń sùn sórí ibùsùn òun. Moṣọpẹ́ ní rárá, òun ń tẹ́ ẹ láràárọ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Bọ́lá mú irin tuntun dé, ó sì jẹ́ kí Moṣọpẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kì í sí i. Wọ́n bu omi kún àgbá, wọ́n ṣí ẹ̀rọ, wọ́n dúró. Omi kọ́kọ́ ń tú pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ó ń tutọ́ kiri, ó sì wá ń ṣàn geerege. Ìgbà náà ni Bọ́lá wọ́n omi àdúrà díẹ̀ sára hítà náà, ó ní kó tan iná. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ooru fi bo dígí ilé ìwẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ̀kọ́ tí Moṣọpẹ́ rí kọ́ kò le, ó kàn ná an ní ohun tó wọ́n ni. Ìṣòro tí a bá ń fi pa mọ́ fún ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́ kì í kéré sí i nítorí a fi pa mọ́, ìgbà púpọ̀ sì ni ẹni tí à ń sá fún ti mọ̀, tó kàn ń dúró kí á sọ̀rọ̀. Nítorí ìtìjú, ẹ má fi irọ́ lé olùrànlọ́wọ́ padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó lè padà wá o, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Nígbà tí Bọ́lá lọ tán, Moṣọpẹ́ pe Glasgow. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó sì gbé fóònù sún mọ́ ọn.

"Ìmọ́, gbọ́."

"Is it hot?"

"Ó gbóná. Ó ń jó mi lọ́wọ́."

Ọmọ náà ń gbọ́ omi. "So can I come home now?"

Moṣọpẹ́ ní ó di Àjíǹde. Kò ti ẹ̀rọ náà, nítorí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní òun ṣì ń gbọ́ ọ.